Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lójú Ewé Kẹsàn-án

Bíìpù kan wà tí kọ̀ǹpútà ọmọ mi máa ń ké bí kò bá gba ohun tí èèyàn bá a sọ. Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, ó ké e lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Mo gbé ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, mo sáré wọ pálọ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. Morẹ́nikẹ́, àbíkẹ́yìn mi, jókòó níwájú rẹ̀, ó fajú ro. Géèmù tuntun tí mo rà fún un kò ṣí. Íńtánẹ́ẹ̀tì ti lọ ní Lamingo níbi tí à ń gbé ní Jọ́ọ̀sì, géèmù náà sì ní àfi kí òun kọ́kọ́ bi àwọn tó ni òun lókè òkun léèrè bóyá lóòótọ́ la sanwó.

A sanwó o! Ẹ̀dà mẹ́ta ni wọ́n tò síwájú wa lọ́jọ́ tí a fẹ́ rà á. Ti gbogbo ayé wà, èyí tí akọni inú rẹ̀ ní ìpààrọ̀ aṣọ wà, ẹ̀dà àkànṣe náà sì wà tí owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Mo bi í pé kí ló wà nínú àkànṣe. Ó ní, "Mama, akwai map, máàpù wà níbẹ̀, wọ́n á tún fún wa ní ẹṣin dúdú kan." Ẹṣin tí kì í jẹ koríko! Mo san án. Kò sí páálí, kò sí ìwé, n kò rí nǹkan kan tí mo lè fọwọ́ kàn. Àmọ́ kì í ṣe owó yẹn ló mú mi dìde jókòó lọ́jọ́ Sátidé náà. Bíìpù yẹn ni. Mo ti gbọ́ ọ rí.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ má rò pé ẹ̀yin ni géèmù kọ́kọ́ ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Jenta Adamu, àdúgbò mìíràn ní Jọ́ọ̀sì, ni mo dàgbà sí, nínú ilé onípáànù gbọọrọ kan tí ẹnu ọ̀nà yàrá wa kọjú sí ti Àfáà Sálíù, ará Ìlọrin tó ń ta aṣọ, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé nírọ̀lẹ́. Sàfúrà ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Bí ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì bá dé, tí ètè gbogbo wa là, tí a fi òrí pa ẹsẹ̀ títí tó fi ń dán, ẹ óò rí i tó gbé wàláà sórí itan, tó ń mì síwá-sẹ́yìn, tó ń kéwú. Ohun tó bá ti gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì ti di tirẹ̀ nìyẹn. Èmi tí mo máa ń gbàgbé ohun tí wọ́n rán mi lọ rà kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, mo máa ń jowú rẹ̀, mo sì máa ń fi yangàn.

Ará Ìbàdàn ni ìyá mi àti Bọ̀dá Túndé, àbúrò rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé wa, lẹ́tà H kì í gbé ibi tí Ọlọ́run fi í sí. Ẹyin ń jẹ́ "hẹ́gì," ilé ń jẹ́ "áúsì," èmi náà sì ń bá wọn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìmọ̀.

Bọ̀dá Túndé ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Kabong, níbi tó ti ń tẹ lẹ́tà fún àwọn èèyàn. Ẹnì kan tó ń ti òkè òkun bọ̀ bá a ra géèmù ọkọ̀ ojú omi. Oríṣi méjì ló wà, Bọ̀dá Túndé sì ní bí èèyàn bá máa jẹ ọ̀pọ̀lọ́, kó jẹ èyí tó lẹ́yin. Ó ra àkànṣe. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ iye owó rẹ̀, ó káwọ́ lérí. Páálí dúdú ńlá ni, àwòrán òkun tí wọ́n tẹ̀ sára aṣọ wà nínú rẹ̀, àti ìwé pẹlẹbẹ kan tí ewé rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀dọ̀ màlúù. Ìwé yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣeré, géèmù á ní kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé báyìí báyìí. Ẹ ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí. Wọ́n fi yíǹkì dúdú tẹ ìwé ọ̀hún kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bọ̀dá Túndé dán an wò, fọ́tókọ́pì sì gbé bébà tó dúdú bí ìdí ìkòkò jáde. Ló bá ti ìwé mọ́ inú dúrọ́ọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó wá jẹun nílé wa, ó sì gbàgbé báàgì rẹ̀, ìwé tó yọ nínú dúrọ́ọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo fẹ́ da ogún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n Sàfúrà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Haba! Bébà ń ya. Kà á sí mi létí." Mo kà á, ó gbà á. Nígbà tí a dé ojú ewé kẹsàn-án, mo kà á pé "họ́tà." Ó béèrè ìtumọ̀. Èmi olóye ní ohun tó gbóná jù ni. Ó fọwọ́ ra ọwọ́ nínú ọyẹ́, ó ní, "Allah ya sa, kí Ọlọ́run ṣe é bẹ́ẹ̀!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Sátidé mẹ́ta la fi tukọ̀ lórí òkun tí a kò rí rí. Bí Bọ̀dá Túndé bá ti lọ ra bébà, èmi tó ní kí n máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù á dúró lẹ́nu ọ̀nà, Sàfúrà á tẹ ọ̀rọ̀. Ní Sátidé kẹrin, géèmù béèrè ojú ewé kẹsàn-án. Bíìpù. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bíìpù. Nílé kéú, ẹni tó bá yí ẹyọ lẹ́tà kan padà á jẹ pàṣán, Sàfúrà kò sì yí nǹkan kan padà. Mo sáré dé ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta: HOTTER. Bíìpù. Géèmù náà pa ara rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni dísíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń gbà kí wọ́n fi géèmù náà sínú kọ̀ǹpútà, Bọ̀dá Túndé sì ti lo méjèèjì.

Nígbà tó dé, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó la ojú ewé kẹsàn-án. "Họ́tà!" ló pariwo. "Họ́tà ni wọ́n kọ síbí!"

"Wallahi, họ́tà ni mo tẹ̀!" ni Sàfúrà wí.

"Ṣé irọ́ ni mò ń pa ni? Mo ní họ́tà!"

"Họ́tà náà ni, Bọ̀dá!"

Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà. Mo yọjú wo ìwé náà. OTTER, ẹranko inú omi kan, ló wà níbẹ̀. H ilé wa ni mo kà sí i létí, èmi nìkan ló sì mọ̀. Bọ̀dá Túndé yíjú sí mi: "Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

Mo ní, "Sàfúrà ni."

Òótọ́ ni, irọ́ sì ni. Bọ̀dá Túndé ní kò gbọdọ̀ tẹsẹ̀ bọ ṣọ́ọ̀bù òun mọ́, ó sì lọ fẹjọ́ sun Àfáà. Ìtìjú bá bàbá náà pé ọmọ òun gbọ́ ọ̀rọ̀, kò há a sórí bó ṣe yẹ. Ó yọ Sàfúrà kúrò lára àwọn tí yóò kéwú níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn níbi wòlíìmọ̀ ọdún náà. Wọ́n ti rán aṣọ funfun rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu mi wà níbẹ̀, n kò là á. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Àfáà kó ilé rẹ̀ padà sí Ìlọrin. Sàfúrà yọrí lórí ẹrù nínú ọkọ̀, ó juwọ́ sí mi, ó kígbe pé: "Họ́tà! Sai wata rana, ó dọjọ́ mìíràn!" Títí dòní n kò mọ̀ bóyá ó fi dágbére ni tàbí ó fi bú mi.

Ìwé ẹlẹ́dọ̀ màlúù ti lọ, dísíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Kò sẹ́ni tó ń há ọ̀rọ̀ sórí nítorí eré mọ́, ẹ̀rọ ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń ta àkànṣe fún wa, wọ́n ṣì ń tilẹ̀kùn mọ́ ohun tí a rà. Ẹ̀rí ọkàn mi náà kò gbó.

Láti oṣù ààwẹ̀ tó kọjá ni oníṣòwò kan láti Ìlọrin ti fún mi ní nọ́ńbà Sàfúrà. Mo ká a sínú pọ́ọ̀sì, mò ń gbé e kiri. Lọ́sàn-án Sátidé yẹn, bí bíìpù ṣe dákẹ́, mo wọ yàrá, mo pè é. Ohùn àgbàlagbà obìnrin kan dáhùn, ó ní ta ni.

Mo ní, "Ọ́tà ni, Sàfúrà. Kò sí H níbẹ̀."



"Kai," ni Sàfúrà wí. "O ti wá mọ̀ ọ́n kà."