Ańpílífáyà Mẹ́ta, Ọ̀rọ̀ Kan

Òórùn lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń lẹ wáyà, bó ṣe ń yọ́, ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Fájuyì, ibùdókọ̀ wa ní Adó, létí mi. Ṣọ́ọ̀bù mi kò gbà ju èèyàn mẹ́ta lọ, páànù ni wọ́n fi bò ó, bó bá sì di ọ̀sán gangan, inú rẹ̀ a máa gbóná bí ààrò. Lápá kan, àwọn awakọ̀ ń pe èrò tó ń lọ sí ìlú Ìyìn. Lápá kejì, ọkùnrin kan ń fi òòlù lu àgbá táyà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Rédíò àwọn tíṣà àti akọ̀wé tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí aláìsàn tó ń dúró de dókítà. Ìwọ náà mọ ìgbà yẹn. Ẹni tó bá lè mú kí rédíò tó ti kú sọ̀rọ̀, ọba kékeré ni. Mo ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, wọ́n ti yìn mí títí mo fi gba ìyìn náà gbọ́.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan ní ìparí àwọn ọdún 1970, nọ́ọ̀sì àgbà kan wá bá mi níbẹ̀. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni, ó ju mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, àárẹ̀ sì hàn lójú rẹ̀ débi pé mo gbé àpótí tí mo jókòó lé fún un kó tó kí mi tán. Ó gbé bọ́ọ̀sì kékeré kan wá pẹ̀lú awakọ̀. Ó ní onígbáméjì ti wọ àwọn abúlé oko lẹ́yìn Ìgbẹ́mọ, àrùn tó ń mú kí èèyàn máa bì kó sì máa yàgbẹ́ bí omi títí ara á fi gbẹ. Odò ni wọ́n ti ń kó o. Wọ́n ti bu oògùn sínú kànga àwọn abúlé náà, ṣùgbọ́n oògùn ọ̀hún ń rùn, ẹ̀rù sì ń ba àwọn èèyàn, ni wọ́n bá tún padà sí odò. Ó fẹ́ kí n so ẹ̀rọ ìkéde mọ́ bọ́ọ̀sì náà.

Ó ní, "Ọ̀gá rédíò, ṣe é kí ohùn mi dé etí ẹni tó wà lóko."

Ańpílífáyà kan ló mú wá, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá. Ọ̀kan yẹn tó. Èmi ni mo ní kò tó. Mo ní méjì mìíràn nílẹ̀ tí mo ti tún ṣe, kò sẹ́ni tó wá gbà wọ́n, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n so mẹ́ta pọ̀ nínú mọ́tò kan kí gbogbo Adó rí i. Nọ́ọ̀sì wò mí, ó mirí, ó ní kí n ṣe bí mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti bá mi jiyàn.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣiṣẹ́ náà, ẹ̀yìn mi kò sì tíì dárí jì mí títí dòní. Bí o bá so ańpílífáyà mẹ́ta mọ́ wáyà kan ṣoṣo, wáyà á gbóná, èyí tó wà nídìí pátápátá á sì máa jẹ àjẹkù. Mo fa wáyà pupa mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti orí bátìrì, mo fi fíúùsì, tó máa ń já kí wáyà má baà jóná, sọ́rùn ìkọ̀ọ̀kan. Wáyà dúdú, tí àwa ń pè ní wáyà ilẹ̀, ló fìyà jẹ mí. Ibi mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ dè é mọ́ lára irin mọ́tò, ni gbogbo rẹ̀ bá ń kùn hùùùn bí ilé oyin. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ bọ́ọ̀sì ní odindi ọjọ́ kejì, mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà títí irin fi funfun, mo kó ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sídìí nọ́ọ̀tù kan ṣoṣo. Kíkùn náà dákẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo fi bátìrì kejì ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn, mo de gbohùngbohùn mẹ́rin, tí ohùn ń gba ẹnu wọn jáde, mọ́rí bọ́ọ̀sì, méjì kọjú síwájú, méjì kọjú sẹ́yìn. Ìka mi ti jóná níbi mẹ́rin, oorun sì ń fà mí lọ bí mo ti dúró.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí o bá ti so ẹ̀rọ ìkéde tán, kí o jìnnà sí i, kí o lọ dúró níbi tí olùgbọ́ máa dúró sí, kí ẹlòmíràn máa sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, oòrùn ń pa mí. Mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì níbẹ̀, mo gbé máìkì sẹ́nu, mo ní, "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta." Gbogbo Fájuyì yíjú. Àwọn awakọ̀ Ìyìn pàtẹ́wọ́. Kí ni mo tún ń wá?

Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ń fa ìrù. Dín in kù díẹ̀."

Mo dá a lóhùn pé, "Sísítà, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Bí ohùn bá pọ̀ jù nínú mọ́tò, máìkì á tún máa gbọ́ ohun tí gbohùngbohùn ti sọ, á tún rán an jáde, gbogbo ọ̀rọ̀ á sì máa gùn ju bí ẹnu ṣe sọ ọ́ lọ. Mo mọ ìyẹn náà. Mo rò pé kékeré ni.

Ilẹ̀ mọ́, a gbéra. Mo bá wọn lọ nítorí kí ohunkóhun má baà já. A gba Ìgbẹ́mọ kọjá, a wọ ọ̀nà oko eléruku, a ń lọ láti abúlé dé abúlé. Yorùbá ìwé ni nọ́ọ̀sì fi kọ ìkéde náà sórí pépà, gbólóhùn méjì péré, kó má baà sú èèyàn: "Ẹ má mu omi odò. Ẹ má bẹ̀rù omi kànga." Ó ń kà á, ó tún ń kà á, títí ohùn rẹ̀ fi ń ha. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láti ẹnu rẹ̀ gan-an ni mo ti ń gbọ́ ọ, ketekete. Ní abúlé tó kẹ́yìn, tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tó wà ní ẹsẹ̀ òkè àpáta kan, àwọn èèyàn jáde síta, wọ́n ń juwọ́ sí wa. Èmi náà ń juwọ́. Mo sùn lọ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí a ń padà bọ̀, inú mi sì dùn.

Kò ju ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà lọ tí nọ́ọ̀sì fi ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a ní ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n ń kó àwọn aláìsàn abúlé oko wá. Ó ní àìsàn náà ń rọlẹ̀ ní àwọn abúlé yòókù, àfi ní abúlé ẹsẹ̀ òkè yẹn, ńṣe ló ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Ìyá kan tó ti dàgbà, ará abúlé ọ̀hún, wà lórí ẹní, ara rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti kú lánàá. Nọ́ọ̀sì lóṣòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọra bi í pé omi wo ni wọ́n mu.

Ìyá náà ní, "Omi odò ni. Ṣebí mọ́tò kọjá níwájú ulé mi. Ọ́n ní, 'Ẹ máa mu omi odò. Ẹ máa bẹ̀rù omi kànga.' Baba toko dé, ó ti fa omi kànga, ó fẹ́ mu ún. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dà á nù."

Ìwọ tí o gbọ́ Yorùbá, kò yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á yé ọ. "Má" ni nọ́ọ̀sì sọ. Ẹ̀rọ mi fà á gùn, òkè àpáta náà sì tún bá a fà á, ó di "máa". Gbólóhùn méjèèjì ló yí padà pọ̀. Ohun tí a ní kí wọ́n sá fún, òun ni a ní kí wọ́n máa mu; ohun tí a fi oògùn wẹ̀ fún wọn, òun ni a ní kí wọ́n máa bẹ̀rù.

Ìyá náà tún ní, "Àwọn kan lábúlé ní bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ ṣe wí. Etí mi ni kò dá mọ́. Etí mi ló pa Baba."

Nọ́ọ̀sì fà mí jáde síta. Mo ti fẹ́ padà wọlé lọ jẹ́wọ́, ó di apá mi mú. Ó ní, "Bí o bá sọ fún un lónìí, lọ́la gbogbo oko á gbọ́ pé mọ́tò wa ń pa èèyàn. Wọn ò ní gbọ́ tiwa mọ́, àìsàn ò sì tíì lọ." Mo ní kí ni kí n wá ṣe? Ó ní kí n lọ tún mọ́tò ṣe. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí òkúta kan, ó fi ìborí rẹ̀ nujú, ó ní, "Èmi náà gbọ́ pé ó ń fa ìrù." Ẹjọ́ náà tó ẹni méjì láti pín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mi pé ó mú díẹ̀ níbẹ̀.

Mo tú ańpílífáyà méjì kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Mo fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀, mo yọ gbohùngbohùn ẹ̀yìn kúrò, mo dín ohùn kù. Mo ní kí awakọ̀ máa sọ̀rọ̀, mo sì rìn wọnú igbó títí ẹ̀gún fi ya ṣòkòtò mi. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láìkù síbì kan. Nọ́ọ̀sì sì yí ìkéde náà padà, kò fi "má" kankan sí i mọ́: "Èèwọ̀ ni omi odò. Omi kànga ló dára." Èèwọ̀ kò ní ìbejì tó lè ṣi èèyàn lọ́nà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àìsàn náà rọlẹ̀ ní abúlé ẹsẹ̀ òkè, nígbà tí òjò sì máa fi bẹ̀rẹ̀, ó ti lọ pátápátá.

Mi ò wá lọ jẹ́wọ́ fún ìyá náà kíá. Ibi tí ojú ń tì mí sí jù nìyí. Nọ́ọ̀sì ti ní mo lè lọ, ṣùgbọ́n mo ń sọ pé rédíò ẹnìkan ń bẹ lórí tábìlì, mo ń sọ pé ọ̀nà ti bàjẹ́. Wọ́n ní bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́, mo sì ń fi ìyẹn tan ara mi, bí ẹni pé inú ìyá náà kò tíì bàjẹ́. Oṣù méjì kọjá kí n tó wọ mọ́tò Ìgbẹ́mọ, tí mo sì fẹsẹ̀ rin ìyókù nínú ẹrẹ̀.

Iwájú ilé ni mo ti bá a, ó ń fẹ́ ìrẹsì nínú àtẹ. Mo kí i. Kò dáhùn. Ó yíjú sí aládùúgbò rẹ̀ obìnrin, ó ní, "Kí ló wí?" Obìnrin náà tún ìkíni mi sọ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ìgbà yẹn ni ó tó dá mi lóhùn. Obìnrin náà ṣàlàyé fún mi pé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Kò gba etí ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Àràárọ̀ ló ń kán àdín sí i, bóyá yóò là.

Mo kúnlẹ̀ sínú ìyàngbò ìrẹsì náà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ bí mo ti so mẹ́ta níbi tí ọ̀kan ti tó, bí nọ́ọ̀sì ti ní kí n dín in kù, bí mi ò ṣe lọ dúró lókèèrè kí n gbọ́ ọ. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo ṣe tán, kò wo aládùúgbò rẹ̀ láti bi í pé kí ni mo wí. Èmi ló wò.

"'Máa' ló jáde?"

"'Máa' ló jáde, Màmá."

"O ò pa urọ́ kí ara lè tù mí?"

"Mi ò purọ́, Màmá. Bí mọ́tò ṣe sọ ọ́ gan-an lẹ ṣe gbọ́ ọ."

Ó gbé àtẹ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí rẹ̀, ó sì sunkún, ẹkún tó pẹ́, tí aládùúgbò rẹ̀ kò gbìyànjú láti dá dúró. Mo ń retí èpè. Mo ti múra sílẹ̀ fún un láti Adó, kódà ó wù mí kí n gbọ́ ọ, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán. Ìyá náà nu ojú rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọmọ mi, o ṣé. Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san." Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó pa ọkọ rẹ̀, nítorí pé ó dá etí rẹ̀ padà fún un.

Mo ti tún rédíò púpọ̀ ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Mo ti so ẹ̀rọ mọ́ mọ́tò púpọ̀, kò sì sí èyí tí mi ò jìnnà sí kí n tó jẹ́ kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn èèyàn ń yìn mí pé mo fara balẹ̀. Kì í ṣe ìfarabalẹ̀. Oṣù méjì tí ìyá yẹn fi ń kán àdín sí etí tí kò ní àìsàn kankan, èmi ni mo ni ín, bó bá sì ti rẹ̀ mí, tí mo fẹ́ sọ pé ó ti tó bẹ́ẹ̀, ọpẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́.