Kẹ̀kẹ́ Tí Wọ́n Kùn Lọ́dà Wá sí Kóòtù

Ọjọ́ tí àwọn ará Kambolé gbé kẹ̀kẹ́ Súlè wọ kóòtù Sokodé, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí, kí n tó rí i pé ẹjọ́ mi ti dàrú. Lọ́yà ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà. Àwòrán Ààrẹ wà lára ògiri lókè orí adájọ́, ẹjọ́ tí kò kan ìjọba la sì fẹ́ràn jù.

Súlè, àgbẹ̀ oníṣu ní Kambolé, ra kẹ̀kẹ́ tuntun lọ́wọ́ Àláájì kan, oníṣòwò ará Nàìjíríà ní Sokodé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ di iṣu lé e lọ sí ọjà Tchamba, irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ya kúrò lọ́rùn rẹ̀. Súlè fi apá ọ̀tún gbalẹ̀, apá náà sì kán. Àsìkò ebè kíkọ ni. Bí ilẹ̀ bá gbẹ kó tó kọ ebè, kò ní í gbin iṣu lọ́dún náà. Ohun tó ń fẹ́ kò pọ̀: kí Àláájì wá àwọn tí yóò bá a kọ ebè.

Òfin wà lẹ́yìn wa. Vice caché ni wọ́n ń pè é ní Faransé: bí ọjà bá ní àbùkù tí ojú olùrà kò lè rí, tó sì ṣe é léṣe, ọrùn ẹni tó tà á ló wà. Irin tó ya yẹn ni ẹ̀rí wa, mo sì ti ní kí wọ́n gbé e wá.

Wọ́n gbé e wá lóòótọ́. Àmọ́ wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ajórin ní Tchamba. Ó jó o pọ̀, wọ́n kùn ún lọ́dà pupa, wọ́n fi òróró nù ún, ó ń dán.

"Ta ló ní kí ẹ tún un ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n Súlè ló dá mi lóhùn: "Háà, avocat, lọ́yà wa! Ṣé ọmọlúàbí máa ń gbé ohun tó fọ́, tó dọ̀tí, síwájú àgbà ni?"

Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn.

Lọ́yà Àláájì, tó ti Lomé wá, fọwọ́ gbá kẹ̀kẹ́ náà. "Ẹ wò ó, ó le bí àpáta!" Àláájì ní wàláhì, òun kì í ta ọjà burúkú. Súlè ń wo apá rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Mo bi Àláájì bóyá irú kẹ̀kẹ́ yẹn kù. Ó ní ó kù rẹpẹtẹ ní ṣọ́ọ̀bù òun ní àdúgbò Kouloundè. Adájọ́ ní kí wọ́n mú ọ̀kan wá, kí wọ́n di àpò iṣu méjì lé e, kí Àláájì fúnra rẹ̀ gùn ún yí àgbàlá kóòtù ká. Gbogbo wa tú síta.

Àláájì ká agbádá sókè. Ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ibi ìtẹ̀. Ó wo apá Súlè tí wọ́n fi igi dè. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ gùn ún, Àláájì!" ni lọ́yà rẹ̀ wí.

"Maître," ni Àláájì dá lọ́yà rẹ̀ lóhùn, "ìwọ wá gùn ún."

Maître kò gùn ún. Adájọ́ fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń já bọ́ láàárín ìka rẹ̀. Àláájì kò jẹ́ kí wọ́n tún jiyàn mọ́; ó ní òun gbà, òun yóò sì kó ìyókù kúrò lórí àtẹ.

Nígbà tí mo lọ sí Kambolé lẹ́yìn náà, ilẹ̀ ṣì rọ̀, àwọn alágbàṣe Àláájì sì wà nínú oko. Súlè jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú apá dídè, ó ń pariwo mọ́ wọn: "Ebè wo nìyẹn? Ṣé èkúté lẹ fẹ́ sin síbẹ̀ ni?"

Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé a ti jàre.