Ìkéde Tí Alága Kò Ṣe

Òórùn táyà tuntun ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Gbọ̀ngàn tí àwa Yorùbá Monrovia ń lò fún ìpàdé ní Benson Street wà lókè ilé ìtajà ẹ̀yà ara ọkọ̀, òórùn rọ́bà àti gíríìsì a sì máa gba àárín pákó ilẹ̀ gòkè wá bá wa. Nígbà òjò, tí òórùn aṣọ tí kò gbẹ bá tún dà pọ̀ mọ́ ọn, ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí: ṣe ni èèyàn á dà bí ẹni tó jókòó sínú àpótí irinṣẹ́ mẹkáníìkì. Ibẹ̀ ni mo dúró sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àdá onígi wà lọ́wọ́ mi, ọkùnrin tí mo kórìíra jù láyé sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mi, ó dé adé tí wọ́n fi páálí ṣe.

Alága ẹgbẹ́ wa ni ọkùnrin náà, òun náà ló ni ilé ìtajà ìsàlẹ̀ yẹn. Télọ̀ ni bàbá mi ní tirẹ̀, ní Camp Johnson Road, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí Alága ní òun fẹ́ wà lórí àga lẹ́ẹ̀kẹta, tí gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́, bàbá mi dìde, ó ní, "Alága, ẹ ti ṣe é tó. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà gbé e wò." Alága rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Télọ̀, ṣòkòtò ni o mọ̀ ọ́n gé. Má wá gé ìjọba mi." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, bàbá mi sì jókòó. Mo ti gbé ọjọ́ yẹn yẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn tí bàbá mi ṣẹ ọkùnrin yìí.

Bí o kò bá dàgbà láàárín wa, o lè má mọ àṣà wa lórí òkú. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó kú kò tíì kú àfi tí Alága bá kéde rẹ̀. Bí ìmáàmù bá ti kírun tán, Alága á dìde, á dárúkọ olóògbé, á sọ ilé rẹ̀ àti àkókò ìsìnkú. Bí ògiri kan ṣoṣo bá tilẹ̀ pààlà sáàárín ìwọ àti ilé olókùú, tí o sì gbọ́ ẹkún, o gbọ́dọ̀ dúró de ìkéde. Àwọn àgbà sọ pé ìgbà ogun abẹ́lé Liberia ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí irọ́ ikú pọ̀ débi pé wọ́n ń sunkún ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ nílé rẹ̀. Ni wọ́n bá fẹnu kò pé ẹnu kan ni kí ọ̀rọ̀ ikú máa gbà jáde. Ogun parí, àṣà náà kò parí.

Ìdájí ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá mi kú. Èmi fúnra mi lọ bá Alága kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ fún un. Ó ní, "Mo gbọ́. Ọlọ́run á kẹ́ ẹ." Nígbà tí a kírun tán, ó dìde. Ó kéde pé wọ́n rí ìdì kọ́kọ́rọ́ kan níbi tí a ti ń ṣe àlùwàlá, kí ẹni tó ni ín wá gbà á. Ó kéde pé kò ní sí ìpàdé lọ́sẹ̀ náà nítorí òjò. Ó sì jókòó. Ìlà kẹta ni mo wà. Mo rò pé ó gbàgbé ni, mo ń retí kó tún dìde, títí gbogbo èèyàn fi wọ bàtà wọn tán.

Èèyàn méje ló kírun sí bàbá mi lára: ìmáàmù, èmi, àbúrò bàbá mi, àti àwọn Mandingo mẹ́rin, ọmọ ilẹ̀ Liberia tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ọ̀kan nínú wọn bojú wo ẹ̀yìn, ó bi mí pé àwọn èèyàn mi dà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé òkú. Ó ní, "Nẹ́vá máìn, yà, má da ara ẹ láàmú," ó sì ti èjìká bọ abẹ́ òkú.

Ohun tó jẹ́ kí ìbínú náà nira fún mi ni pé n kò rí ibi tí mo lè dì í mú. N kò lè sọ pé Alága dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Kò ní kí wọ́n má lọ. Kò kàn ní kí wọ́n lọ ni. Báwo lo ṣe máa pe ẹni tó dákẹ́ lẹ́jọ́? Ọdún méjì ni mo fi gbé ìbéèrè yìí sáyà, tí mo ń kí ọkùnrin náà lójoojúmọ́, tó sì ń dáhùn.

Lọ́dọọdún, lásìkò Iléyá, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé wa ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé máa ń darí eré kan. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, eré ìjòyè kan ni, tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọba, tó gorí ìtẹ́. Ọmọ olóògbé sá lọ, ó dàgbà lájò, ó sì padà wá gbẹ̀san. Alága ni ọba, bíi ti àtẹ̀yìnwá. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé, "Ta ni yóò jókòó sórí ìtẹ́ nígbà tí mo wà láyé?" Olùkọ́ ní kí n ṣe ọmọ náà.

Yunifásítì ni mo wà nígbà náà, a sì ti ka irú ìtàn yìí nínú eré ìbànújẹ́ àwọn ará àtijọ́. Olùkọ́ wa níbẹ̀ sọ pé olùgbẹ̀san máa ń di aninilára lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fi àmì ìbéèrè sí i, nítorí ohun tí èmi rí yàtọ̀. Olùgbẹ̀san kì í fẹ́ kí ọ̀tá kú lásán. Ó fẹ́ kó mọ ìdí tó fi ń kú, kí ìlú sì wà níbẹ̀. Nínú eré tiwa náà, kí ọmọ tó ṣá ọba, ó ní láti bi í pé, "Lọ́jọ́ tí bàbá mi kú, kí lo wí fún ìlú?" Ọba á dáhùn pé, "Mi ò wí nǹkan kan. Ẹni tó wà lórí ìtẹ́ kì í rojọ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi kọ́ eré náà, mo sì ń sọ ọ̀rọ̀ mi bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Alága kò gbádùn rẹ̀ rárá. "Ọmọ Télọ̀, gbóhùn sókè! Ṣé ẹni tó wá gbẹ̀san ló ń sọ̀rọ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín yìí?"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Èmi bínú kẹ̀? Ìwọ ló yẹ kó bínú! Àbí bàbá rẹ kọ́ ni mo pa ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ni mo ti pinnu ohun tí màá ṣe.

Lọ́jọ́ eré, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi jókòó sí ìlà kejì. Nígbà tí Alága kúnlẹ̀, mo gbé àdá sókè, mo sì fi ọ̀rọ̀ ìwé sílẹ̀. Mo ní, "Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí bàbá mi kú, mo wá dọ̀bálẹ̀ fún ọ, mo sì sọ fún ọ. O dìde níwájú gbogbo èèyàn. Kí lo kéde? Kọ́kọ́rọ́ lo kéde!"

Òjò nìkan ni mò ń gbọ́ lórí páànù. Alága gbójú sókè. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kì í ṣe ọba ló wà níbẹ̀ mọ́, ọ̀gá tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ni. Mo rò pé yóò dìde, tàbí kó fi mí gégùn-ún. Ó ní, "Mi ò wí nǹkan kan," gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Ó wá yí padà lórí ìkúnlẹ̀, ó kọjú sí àwọn èrò.

"Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ nínú ẹ̀yin? Ìwọ, ojúlé mẹ́ta péré ló wà láàárín ìwọ àti ilé Télọ̀. Ìwọ, télọ̀ yẹn ló rán aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ. Ẹnu tèmi ni mo pa dé. Ṣé mo so ẹsẹ̀ yín mọ́lẹ̀ ni?"

Olùkọ́ tó ń darí eré ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé pé, "Ṣá a! Ṣá a, kó parí!" Mo ṣá a léjìká, ó le ju bí a ṣe fi kọ́ra lọ; mo gbọ́ ìró igi lára eegun. Ó ṣubú bó ṣe yẹ kó ṣubú. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá ìyá mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń wolẹ̀, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù," lẹ́yìn ọdún méjì gbáko. Èsì kan náà ló ń fún gbogbo wọn: "Ẹ kú àbọ̀ o. Ọ̀nà yín mà jìn." Kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé, mo bi í bóyá ọkàn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní, "Wọn ò tíì wá tán. Ó ku mọ́kànlá."

N kò tíì dárí ji Alága, n kò sì rí ìdí tó fi yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Kò bẹ̀ mí. Òun ṣì ni alága. Àmọ́ mo ti wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò dáadáa. Ó sọ ọ́ láti sá àsálà ni, òótọ́ sì ni. Ẹnu ọkùnrin kan kò tó láti fi bàbá mi sílẹ̀ fún èèyàn méje. Ẹsẹ̀ gbogbo ìlú tí kò gbéra ló ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó jẹ́ òun nìkan ni mo bi léèrè, ìdajì ẹ̀san ni mo gbà.

Ìdajì kejì dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí ìyá àgbà kan kú nítòsí Mamba Point. Kò sẹ́ni tó dúró de ìkéde. Kí Alága tó dé, ilé ti kún, a ti gbé òkú ìyá sókè. Ó wá àyè lábẹ́ òkú, kò rí, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń retí kí ọmọdé yẹ̀ fún àgbà.

"Ọmọ Télọ̀, fún mi láyè."

N kò yẹ̀. A sì gbé òkú kọjá lára rẹ̀.