Òkun Ń Fà

Láràárọ̀, kí n tó fi abẹ́rẹ́ kan aṣọ oníbàárà kankan, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn òkun. Ní Odò-Orò ni o, lẹ́bàá Ìkọ̀lé, níbi tí èèyàn ti lè dàgbà darúgbó láì fojú kan omi tó ju odò ọ̀nà oko lọ. Ìyá mi á gbé fóònù sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, wọ́n á ní kí n tẹ ibi tí ohùn ti ń jáde síta, torí wọn kì í gbé e sétí. Wọ́n ní ó máa ń gbóná. Àbúrò mi ọkùnrin á gbé ìpè ní etíkun Èkó tó ń gbé. Ìyá mi ò ní bi í bóyá ó ti jẹun. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Omi ńkọ́?"

Òun náà á wá bẹ̀rẹ̀. Ìgbì kéré lónìí, Màámi, díẹ̀díẹ̀ ló ń wá. Tàbí kó ní atẹ́gùn ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sójú omi, ìyẹn ló ń jẹ́ kí orí ìgbì dúró dáadáa kó tó wó. Tàbí kó ní atẹ́gùn ti yí, ó ń ti ọ̀nà òkun bọ̀, ojú omi ti dàrú, ó kàn ń hó lásán. Nígbà ọyẹ́, omi á rọ̀, àlejò á pọ̀ létíkun. Bí òjò bá wá dé, ìgbì á máa ga bí òrùlé ilé, a sì máa gbọ́ ariwo rẹ̀ nínú fóònù láti Odò-Orò. Ìyá mi náà á ròyìn tiwọn fún un: òjò ti rọ̀ ní Ìkọ̀lé àmọ́ kò dé ọ̀dọ̀ wa, oòrùn ń pa ẹ̀gẹ́, uṣu ti ń yọ ọwọ́.

Mi ò ní sùúrù fún un, ká sọ tòótọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí àwọn méjèèjì lọ gba iṣẹ́ nílé rédíò kí wọ́n fi tábìlì mi sílẹ̀. Àbúrò mi á rẹ́rìn-ín, á ní, "Sister, ẹ kú ìbínú àárọ̀." Ìyá mi á fi ọwọ́ dá mi lẹ́kun kí n má ba ìròyìn jẹ́.

Yunifásítì Ọ̀yẹ́ ni àbúrò mi ti jáde. Ó wáṣẹ́ títí, kò rí. Ó bá ìyá wa kọ ebè fún ìgbà òjò kan, ó sì lọ forí pamọ́ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń gbé létí òkun l'Ékòó. Ibẹ̀ ló ti bá àwọn ọmọkùnrin tó máa ń dúró lórí pátákó gígùn kan tí ìgbì á sì máa gbé wọn bọ̀ wá sétí ilẹ̀. Òun náà kọ́ ọ. Kò pẹ́ tó fi di olùkọ́, tó ń kọ́ àwọn àlejò tó wá ṣe fàájì. Mo bínú nígbà tí mo gbọ́. Ọmọ Èkìtì tó kàwé jáde, iṣẹ́ tó rí ni kó dúró lórí pákó láàárín omi iyọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi kàn ní ó ń ṣiṣẹ́ lójú òkun, ni àwọn ìyá ìjọ bá sọ ọ́ di ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi. Ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n gbàdúrà gidi kí ọkọ̀ rẹ̀ má rì. Ìyá mi ṣe àmín, wọn ò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù omi yẹn ń bà wọ́n dé egungun. Òun nìkan lọ́mọkùnrin tí bàbá wa fi sílẹ̀ kó tó kú. Nígbà tí wọ́n gbọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe, ọjọ́ bíi mélòó kan ni wọn ò fi jẹun dáadáa. Wọ́n wá pè é, wọ́n ní àwọn ò ní dá a dúró, àmọ́ ohun kan ṣoṣo ni àwọn fẹ́: lójoojúmọ́, kó tó ki ẹsẹ̀ bọ omi, kó sọ bí omi ṣe rí fún àwọn, kó má sì purọ́ omi fún àwọn láé. Ó búra. Bí ìròyìn òkun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan. Odò kan wà lọ́nà oko wa tí pákó tí wọ́n tẹ́ lé e ti bá àgbàrá lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí òjò ńlá bá rọ̀, odò á kún, gbogbo wa á dúró sétí rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n àti àdá, a ó máa wò ó. Ẹnì kan á ki igi bọ ẹ̀gbẹ́ odò láti mọ ibi tí omi dé. Bí omi bá ti ń lọ sílẹ̀ lára igi náà, ẹni yẹn á ní, "Ó ti ń fà." Ó parí. Kálukú á ká aṣọ sókè, á gbẹ́rù, á sì sọdá. Láti ẹ̀yìn ìyá wa ni èmi àti àbúrò mi ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ tó dùn létí wa tó o, nígbà tí òtútù bá ti mú wa tí ebi sì ń pa wá lápá ibi tí kò sí oúnjẹ.

Nítorí náà, nígbà àkọ́kọ́ tí àbúrò mi sọ nínú fóònù pé, "Màámi, òkun ń fà lónìí," mo rí bí ojú ìyá mi ṣe tú ká. Wọ́n ní, "A dúpẹ́ o. Lọ ṣe uṣẹ́ rẹ." Wọ́n kọrin ìjọ́sìn sí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó títí di ọ̀sán. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n máa ń dúró dè. Wọ́n á bi í pé, "Ṣé ó ń fà?" Bó bá ní rárá, kò fà, omi kàn rọra wà níbẹ̀ ni, ìdààmú á bá wọn, wọ́n á máa wo fóònù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bó bá ní ó ń fà, ara á tù wọ́n, wọ́n á lọ sí oko wọn.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ìgbà òjò ni. Ariwo tó ń bọ̀ láti inú fóònù pọ̀ débi tí àbúrò mi fi ń pariwo kí a tó gbọ́ ọ. Ìyá mi béèrè, bí ìṣe wọn.

Ó ní, "Ó ń fà, Màámi. Ó ń fà gan-an ni."

"Gan-an kẹ̀? A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lọ ṣe uṣẹ́ rẹ, ọmọ mi. Má jẹ́ kébi pa ọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó lọ bá l'Ékòó, tó sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà, pè mí. Aṣọ ilé-ìwé ọmọ ẹnì kan wà lórí ẹ̀rọ, apá kan ti wọlé, ìkejì ò tíì wọlé. Ó ní àlejò kan mutí, ó wọ inú òkun níbi tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọ̀. Àbúrò mi gbé pátákó, ó lọ bá a. Ó gbé àlejò náà gun pátákó náà, wọ́n sì fà á jáde. Omi gbé àbúrò mi lọ.

Èmi àti àbúrò bàbá mi ni a lọ bá ìyá mi ní yàrá. Mi ò lè gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ. Wọn ò sunkún. Wọ́n wo ojú mi bí ẹni pé mo fẹ́ fi wọ́n ṣeré, wọ́n ní, "Irọ́ ni. Ó ní ó ń fà."

Àwọn àgbà ilé ní a kì í gbé ẹni tó bá omi lọ wá sílé, etí omi náà ni wọ́n ń sin ín sí, àti pé ìyá ò gbọ́dọ̀ rí ojú oórì ọmọ rẹ̀. Nítorí náà èmi àti àbúrò bàbá mi la lọ. Wọ́n ti rí i kí a tó dé, wọ́n sì sin ín sábẹ́ igi àgbọn lójú wa. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú mi lọ sí etí òkun. Àkísà pupa kan wà lórí ọ̀pá níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbá a.

Ó ní, "Sister, lọ́jọ́ yẹn, òkun ń fà."

Mo ní mo mọ̀, ó sọ ọ́ fún wa láàárọ̀, ìyẹn gan-an ni kò yé wa. Omi tó ń fà, báwo ló ṣe máa gbé èèyàn?

Ó wò mí. Ó mú èèpo àgbọn kan nílẹ̀. Lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ìgbì ń wó, ó ń hó funfun. Láàárín méjèèjì, ibì kan wà tí omi ti tẹ́jú, tó dákẹ́, ibẹ̀ ni èmi ìbá wọ̀ ká ní èmi ni mo fẹ́ wẹ̀. Ó ju èèpo àgbọn náà síbẹ̀. Kò wá sọ́dọ̀ wa. Ó kọjú sí agbami, ó ń lọ, ó ń yára, kò sì sí ẹni tó tì í. A wò ó títí ojú wa ò fi tó o mọ́. Ó ní ohun tí àwọn ń pè ní fífà nìyẹn. Ó ní ibi tó bá dà bíi pé ó rọ̀ jù ló ń fà jù. Ó ní lọ́jọ́ tí òkun bá ń fà, àwọn kì í kọ́ àlejò, àwọn kàn ń ṣọ́ etí omi láti yọ aláìgbọ́ràn ni.

Mo jókòó sínú iyanrìn. Inú bí mi sí àbúrò mi débi pé bí wọ́n bá jí i dìde níbẹ̀, gbígbá ni mo máa kọ́kọ́ gbá a létí kí n tó dì mọ́ ọn. Ó mọ̀. Ó bá wa dúró létí odò yẹn láti kékeré, ó mọ ohun tí etí ìyá rẹ̀ máa gbọ́. Ó ti búra pé òun ò ní purọ́, kò sì purọ́. Ó wá ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ òótọ́ ní etíkun tó sì jẹ́ ìtùnú ní Odò-Orò, òun ló ń fún ìyá rẹ̀ jẹ láràárọ̀.

Nígbà tí mo délé, mi ò sọ ọ́. Ìyá mi ti ní ìdájọ́ tiwọn. Wọ́n ní omi tó ń fà kì í gbé ọmọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn ló mọ ohun tí wọ́n fi ọmọ àwọn ṣe. Wọ́n sọ ọ́ fún àlùfáà, wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ìyá ìjọ, wọ́n sì ń dárúkọ ọ̀rẹ́ náà nínú àdúrà tí kò dára. Ó dùn mí fún un, torí èèyàn rere ni. Àmọ́ bí mo bá là wọ́n lóye, gbogbo àárọ̀ tí wọ́n fi orin bó ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa tún kà padà. Mo sọ nínú ara mi pé kí wọ́n kúkú máa bínú sí ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀rẹ́ náà ní òun fẹ́ wá kí wọn, kí òun sì gbé pátákó àbúrò mi wá. Mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́ pé ọ̀rọ̀ fífà yẹn nìkan ni kó má sọ nílé wa. Ó dé pẹ̀lú pátákó náà lórí bọ́ọ̀sì láti Èkó. Ní gáréèjì Ìkọ̀lé, wọ́n rò pé tábìlì ìlọṣọ ni ó gbé wá fún mi. Ìyá mi jókòó, wọn ò dáhùn ìkíni rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ ra pátákó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n wá bi í pé, "Lọ́jọ́ náà, ṣé ó ń fà?"

Ó wo ojú mi. Mo mirí pé kó má sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará etíkun yẹn, wọn ò mọ irọ́ omi í pa.

Ó ní, "Ó ń fà, mà."

"Báwo ló ṣe ń fà?"

Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì ìránṣọ mi, níwájú ìyá mi, ó sì ń wọ́ ọ lọ kúrò lọ́dọ̀ wọn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, títí ọwọ́ náà fi kọjá etí tábìlì. Ìyá mi tẹjú mọ́ ọwọ́ náà. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Gbé uṣu wá fún un. Ọ̀nà jìn." Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò dárúkọ rẹ̀ sí ibi mọ́. Mo rò pé inú wọn ti rọ̀ ni, mo sì dúpẹ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, òjò tún dé. Èmi àti ìyá mi ń lọ gbé uṣu lóko, a bá odò tó kún. Àwọn èèyàn ti dúró síbẹ̀, ọkùnrin kan sì ti ki igi bọ omi. A jókòó sórí gbòǹgbò igi kan. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọkùnrin náà ní, "Ó ti ń fà o." Kálukú dìde, wọ́n ká aṣọ, wọ́n gbẹ́rù, wọ́n ń sọdá. Ìyá mi ò dìde.

Mo ní, "Màámi, ó ń fà."

"Mo gbọ́."

Gbogbo wọn sọdá tán. Omi lọ sílẹ̀ títí òkúta fi yọrí, títí ọmọdé fi lè rìn ín kọjá. Ìyá mi ṣì jókòó, wọ́n ń wo ibi tí omi ti dákẹ́ jù láàárín odò.

Wọ́n ní, "Gbogbo àárọ̀ tó sọ ọ́ fún mi, mo ní a dúpẹ́. Mo ní kó lọ ṣe uṣẹ́ rẹ̀."

Mo gbé agbọ̀n òfìfo wa, a sì padà sílé.