Alángbá Mẹ́rìnlá Tí Wọ́n So Ìkẹ́nnẹ́ Mọ́ Lẹ́sẹ̀

Bébà pélébé kan tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ alángbá ló kọ́kọ́ gbà mí lọ́kàn. Mo jókòó sẹ́yìn irin ṣọ́ọ̀bù oògùn mi ní Ìlárá, òjò ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá rajà, mo ń wo fóònù. Inú ìgò ni alángbá náà wà, ní mùsíọ́mù kan lókè òkun. Bébà ẹsẹ̀ rẹ̀ ní: Ìkẹ́nnẹ́, àgbẹ̀ kan ló mú un wá. Mo fẹ àwòrán náà títí mo fi lè ka ìpẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú èyí kì í gun ògiri. Ara igi ńlá inú igbó kìjikìji ló máa ń lẹ̀ mọ́. Kí ló wá dé àárín ìlú?

Mẹ́rìnlá ni wọ́n, bébà kan náà ló wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn.

Mo gbé àwòrán wọn lọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ti ń dáko obì ní Akaka, abà kan nínú igbó, láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi ni mo mú wọn, lẹ́yìn abà wa! Òyìnbó tó ń kó ẹranko jọ bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo ní Ìkẹ́nnẹ́."

"Ṣùgbọ́n Akaka lẹ ti mú wọn, Bàámi."

"Ta ló ń jẹ́ ará abà? Abà là ń gbé, ilé là ń ti í wá."

Mo kọ̀wé sí mùsíọ́mù pé kí wọ́n ṣàtúnṣe, wọ́n ní àfi kí ẹni tó mú wọn tẹ̀ka síwèé. Bàámi kọ̀ jálẹ̀.

"Kí ìwé òyìnbó máa pè mí ní ará Akaka? Ṣé alángbá lo fẹ́ fi lé mi kúrò nílé bàbá mi ni?"

Mo há. Gbogbo Sátidé ni mo ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ fún un, ìwé náà á wà lábẹ́ oògùn, mo sì ń gbé ìwé náà padà lófìfo. Lẹ́yìn irin ṣọ́ọ̀bù, mo ń ṣí máàpù mùsíọ́mù lójoojúmọ́: àmì mẹ́rìnlá ṣì wà lórí ìlú tí alángbá wọ̀nyẹn kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Bí Bàámi bá papòdà láìtẹ̀ka, àṣìṣe náà di òtítọ́ nìyẹn. N kò sì jẹ́ sọ ìyẹn lójú rẹ̀.

Níkẹyìn mo tún ìwé náà kọ ní ìlà méjì: ibi tí wọ́n ti mú alángbá, Akaka; lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó mú un, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Mo kà á sí i létí.

"Gbé tèmi sókè," ló wí.

Mo gbé e sókè. Kó tó tẹ̀ka, ó yẹ àwòrán náà wò, ó sì ti ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó gé nírù.

"Ọ̀rẹ́ mi ló mú eléyìí, àdá ẹ̀ ló gé ìrù yẹn. Ó ti kú. N ò mọ ibi tó ti rí i, n ò lè búra fún òkú."

Mùsíọ́mù ti ṣàtúnṣe. Ọ̀kan ṣì há sí Ìkẹ́nnẹ́. Mẹ́tàlá nínú mẹ́rìnlá ti padà sí Akaka.