Korobá Tí Kò Sí Nínú Ọkọ̀

Ní Sculpin Cove, létíkun Newfoundland, kò sí ilé tí ẹ ó wọ̀ tí ẹ ò ní bá korobá ẹran oníyọ̀. Bí wọ́n bá ti bọ ẹran náà pẹ̀lú kábéèjì, tí wọ́n jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ Ìsinmi, ìgbà náà ni iṣẹ́ ike funfun yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń pọn omi nígbà tí yìnyín bá dí ẹnu ẹ̀rọ omi. Òun ni wọ́n fi ń ká èso lórí òkè, òun ni wọ́n ń dojú rẹ̀ bolẹ̀ jókòó lé ní èbúté, òun náà ni wọ́n fi ń gbọ́n omi inú ọkọ̀.

Ti Drusilla Hynes ló wá pọ̀ jù. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kún fún korobá bí ẹni pé ó ń tà á. Á gbà á lọ́wọ́ ará àdúgbò, á fọ̀ ọ́, á so okùn mọ́ ọn, á gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté, á sì jù ú sínú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jáde sójú omi.

"Àǹtí Dru," Clar Pike pariwo láti inú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, "ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní kan lọ́sẹ̀ tó kọjá! Ṣé kí n fi ẹja sílẹ̀ kí n máa kó korobá ni?"

"Ọmọ mi, ọ̀kan wà fún omi òkun, ìkejì wà fún ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ. Èyí tó bá kọ́kọ́ kún, kó o yáa tètè dà á nù."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbà á. Tó bá ti kọ ẹ̀yìn, wọ́n á ní ikú ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀.

Ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ ni pé Leander ọkọ rẹ̀ àti Garland àbúrò ọkọ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ tó kẹ́yìn nínú àwọn ọjọ́ tí ìjọba fi gba aráàlú láàyè láti pa ẹja tí wọ́n máa jẹ. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni. Atẹ́gùn yí padà, omi kún ọkọ̀, ọkọ̀ rì. Garland di ike epo bẹntiróòlù mú títí àwọn ẹlòmíràn fi fà á jáde. Òkú Leander ni omi gbé wá sí èbúté. Àlùfáà ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àwọn àgbà apẹja ní atẹ́gùn ni.

Dru nìkan ló mọ èyí tó kù, tàbí bẹ́ẹ̀ ló rò. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ọwọ́ korobá tirẹ̀ ti já. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ọkọ̀, ó gbé èyí tí wọ́n fi ń gbọ́n omi, ó sì gun òkè lọ ká àwọn èso pupa tí wọ́n máa ń dùn lẹ́yìn òtútù àkọ́kọ́. Ó ní lọ́kàn láti dá a padà. Ó rẹ̀ ẹ́, ó sùn. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé ọkọ̀ ti rì, korobá náà wà nílẹ̀ nínú ilé ìdáná, èso kún inú rẹ̀. Kò sè é di jáàmù mọ́. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi bu.

Ká ní korobá yẹn wà nínú ọkọ̀ ńkọ́? Garland nìkan ló lè dáhùn, ẹsẹ̀ Garland kò sì tẹ ilé rẹ̀ mọ́. Bí Dru bá jókòó lápá kan ṣọ́ọ̀ṣì, apá kejì ni Garland máa ń gbà lọ. Dru gbà pé ó mọ̀, ó sì kórìíra òun.

Nígbà tí ilé ìwòsàn dá Garland padà sílé pẹ̀lú jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀, kò ní aya, kò ní ọmọ. Dru di ẹrù tirẹ̀, ó kó lọ sílé Garland láti tọ́jú rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kùrukùru bo ojú fèrèsé, ó gbé korobá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Gbé nǹkan yẹn kúrò níwájú mi," Garland ní.

"Inú kí lo wá fẹ́ máa bì sí? Inú fìlà ẹ?"

"Inú bàtà mi."

"Bàtà ẹ? Òórùn ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pa ẹ́."

Garland fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ló jáde.

"Bàtà ni mo fi gbọ́n omi lọ́jọ́ yẹn, Dru."

Dru jókòó sétí ibùsùn. "Èmi ni mo gbé korobá yẹn, Garland."

"Mo mọ̀. Mo rí ẹ nígbà tó o ń gbé e gun òkè." Ó di ojú. "Nígbà tá a fẹ́ tú okùn ọkọ̀, Leander ní, 'Garl, korobá dà?' Mi ò fẹ́ kó padà sílé lọ gbé e, ká má bàa pẹ́. Mo ní ó wà níwájú, lábẹ́ aṣọ òjò."

Dru yíjú sí korobá tó wà nílẹ̀.

"Nígbà tí omi wọlé, mo bọ́ bàtà, mo ń gbọ́n. Òun lọ síwájú lọ wá a. Mo pariwo pé kó padà. Ó ní, 'Ìwọ náà lo ṣáà ní ibí ló wà.' Ó ń tú aṣọ òjò yẹn, Dru. Ó ń tú u ni. Iwájú ọkọ̀ ló sì kọ́kọ́ rì."

Èébì gbé e. Dru gbé korobá sí i lẹ́nu títí ó fi dáwọ́ dúró, lẹ́yìn náà ó gbé e jáde lọ dà á nù lẹ́yìn ilé.

Ó dúró síbẹ̀. Ẹ̀wù òtútù wà lọ́rùn rẹ̀, ọ̀nà ilé rẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀. Nínú kùrukùru yẹn, kò sẹ́ni tí ì bá rí i pé ó lọ. Wọ́n máa ń sọ pé òtítọ́ a máa mú ọkàn fúyẹ́. Tirẹ̀ kò fúyẹ́. Tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ló ní láti dá lẹ́bi. Ó ti di méjì báyìí, Leander sì tún wà níwájú ọkọ̀, tó ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ó gbọ́ tí Garland tún ń bì nínú ilé, tí nǹkan kan kò jáde. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ tó ń fọwọ́ tálẹ̀ kiri, tó ń wá korobá.

Dru fi omi òjò ṣan korobá, ó wọlé, ó gbé e sí àyè rẹ̀. Ó di ọwọ́ Garland mú, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí korobá náà.

"Ibí ló wà," ó ní. "Ibí gan-an."