Ọdún Tí A Kò Gbé Ìṣákọ́lẹ̀ Lọ

Ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ náírà ni mo ń ta akẹtẹ̀ kan l'Ọ́jà'ba nígbà náà. Ẹni tó bá yọ mí lẹ́nu a san ẹgbẹ̀rún méjì. Ọkùnrin kan tó jẹ́ tíṣà tẹ́lẹ̀ wá kó gbogbo ọgọ́ta tó wà nílẹ̀ láìná an. Mo bi í bóyá òjò kan ń bọ̀ tí a ò gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ lòun dá sílẹ̀, akẹtẹ̀ ni wọn ó fi máa dá ara wọn mọ̀. Ó ní ẹni tó bá ti ro ilẹ̀ fún ogún ọdún, ilẹ̀ náà yóò di tirẹ̀, kò ní san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ mọ́.

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Oko tí bàbá bàbá wa gbà lọ́wọ́ agboolé kan ní Bẹ́yẹrúnká ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ro. Èmi náà gbin ọ̀pẹ márùndínlógójì síbẹ̀, onílẹ̀ sì yọ̀ǹda. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Iléyá, a ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo kan àti iṣu mẹ́wàá lọ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi a dọ̀bálẹ̀, èmi a kúnlẹ̀. Wọn a ní iṣu náà kéré.

Nígbà tí ẹgbẹ́ gbóná, akẹtẹ̀ bo gbogbo iwájú Mápó bí olú ẹ̀yìn òjò. Tíṣà dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ lọ́dún yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́. “Àbúrò, ẹni tó kọ ìṣákọ́lẹ̀, onílẹ̀ ló kọ̀ yẹn. Wọ́n lè torí ẹ̀ gba oko.”

Mo ní, “Bùọ̀dá, ẹ kúkú sọ pé bí ẹ ò bá dọ̀bálẹ̀, ikùn yín á ṣàárò ilẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó sílé. Ẹnu mi ló mú un jókòó.

Ìbò dé. Ẹni tí ẹgbẹ́ wa tì lẹ́yìn wọlé, ó sì fún Tíṣà ní ipò ìjọba ní Agodi. Bí ipò ṣe wọlé ni akẹtẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, fìlà aṣọ òkè ló kù. Ìpàdé tó ń kún iwájú Mápó di ti ènìyàn méjìlá nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Bẹẹrẹ. Nígbà tó yá, télọ̀ gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wá ń dá akẹtẹ̀ padà fún mi, bí ẹni pé àrùn ni mo tà fún wọn.

Ìwé onílẹ̀ dé lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀ wá, ẹ kó kúrò, a ti ta oko náà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé.

A lọ bẹ̀ wọ́n ní Bẹ́yẹrúnká. Tíṣà la bá tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún Mọ́gàjí, olórí agboolé náà. Ọkàn mi balẹ̀, mo rò pé tìtorí wa ló ṣe wá.

“Sà, ẹ̀yin kúkú lẹ ní ká má gbé e wá.”

Tíṣà ń wo fóònù rẹ̀. Mọ́gàjí ló dá mi lóhùn. “Ìyá, ilẹ̀ wa ni Tíṣà náà fi ń dáko. Ìṣákọ́lẹ̀ tirẹ̀ ò yẹ̀ rí. Lọ́dún tí ẹ jókòó sílé yẹn, kẹ́ẹ̀gì méjì ló gbé wá.”

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Ìgbà yẹn ni Tíṣà tó lanu, ó ní kí wọ́n ṣàánú, kí wọ́n san nǹkan lórí igi. Wọ́n ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lórí ọ̀pẹ kan. Ọ̀pẹ mẹ́ta fún owó akẹtẹ̀ kan: ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, wọ́n rò pé ẹkún ni. Wọ́n ka owó náà sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n dúpẹ́, mo sì kúnlẹ̀ gbà á: ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún náírà ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.